Òpó Tó Wọ Aṣọ Igi: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Àṣẹ Ìlú fún Òpó Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà

Ní ìlú púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ nítòsí ilé gbígbé kò lè gbé irin lásán wá. Òpó náà ní láti para dà: kó jọ igi páìnì, igi ọ̀pẹ, òpó àsíá, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì tàbí táǹkì omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ aṣọ òpó yìí sẹ́yìn pátápátá, bí ẹni pé ọ̀ṣọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tí ẹ bá kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìbéèrè ni ìlú máa fi dì yín mú títí ọjọ́ tí òpó náà á fi kúrò nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣèlérí ẹ̀ka tí ẹnjiníà kò tíì ṣírò bí atẹ́gùn ṣe máa bá a jà, ẹ má sì ya àwòrán tó rẹwà ju ohun tí ẹ máa gbé dúró lọ.

Ohun tí òfin àpapọ̀ fàyè gbà

Òfin Telecommunications Act ti ọdún 1996 fi àṣẹ lórí ibi tí òpó máa wà sílẹ̀ fún ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀, àmọ́ ó pa ààlà sí i. Ìlú kò gbọ́dọ̀ ṣe ojúsàájú láìnídìí láàárín iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jọra. Kò gbọ́dọ̀ fi òfin rẹ̀ dínà iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín àkókò tó bójú mu, bó bá sì kọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀rí tó ṣe é gbára lé sì wà nínú àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó máa ń ya àwọn ará àdúgbò lẹ́nu jù ni pé ìlú kò lè torí ìbẹ̀rù ìtànṣán rédíò kọ òpó tí ìtànṣán rẹ̀ kò bá kọjá ìwọ̀n tí FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó rédíò àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, là kalẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ bí ẹni mowó. Ní Roswell, ìpínlẹ̀ Georgia, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì T-Mobile South fẹ́ gbé òpó tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 108 dúró ní àdúgbò ilé gbígbé, wọ́n sì ṣe é bí igi páìnì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀. Lẹ́tà tó jáde lẹ́yìn ọjọ́ méjì sọ pé wọ́n kọ̀, kò sọ ìdí. Àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ìdí náà wà nínú rẹ̀ kò jáde àfi ní ọjọ́ 26 lẹ́yìn lẹ́tà yẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé ìlú lè kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé mìíràn yàtọ̀ sí lẹ́tà, ṣùgbọ́n ìwé méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde pa pọ̀. Roswell kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni pé ẹ gbọ́dọ̀ máa ka ọjọ́. Èkejì ni pé òpó náà wọ aṣọ igi, síbẹ̀ àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ sọ pé kò bá ẹwà àyíká mu. Aṣọ nìkan kì í gba àṣẹ.

Ẹ ka ìwé òfin ìlú kí ẹ tó mú irú aṣọ

Òfin ìlò ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní zoning yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú, ó sì máa ń yàtọ̀ láti òpópónà kan sí èkejì. Ẹ wá orí tó sọ nípa wireless facilities, ìyẹn òpó àti ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ wá ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí nínú rẹ̀:

Irú agbègbè wo ni ilẹ̀ náà wà lórí máàpù: ilé gbígbé, ìṣòwò, àbí iléeṣẹ́? Ṣé òṣìṣẹ́ ìlú nìkan lè fọwọ́ sí òpó tó bá para dà, àbí ó gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ fún conditional use permit, ìyẹn àṣẹ tó ní ìlànà tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, tí àwọn ìlú mìíràn ń pè ní special use permit? Báwo ni ìlú ṣe túmọ̀ stealth, ìyẹn òpó tó para dà? Ibo ni wọ́n ti ń wọn gíga, ṣé dé orí irin ni àbí dé ṣóńṣó ẹ̀ka? Àlàfo mélòó ló gbọ́dọ̀ wà láàárín òpó àti ààlà ilẹ̀, pàápàá ààlà tó kọjú sí ilé gbígbé?

Ìbéèrè gíga yẹn ti ba ìwé púpọ̀ jẹ́. Ká ní òfin sọ pé ẹsẹ̀ bàtà 75 ni òpin, tí wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n dé ṣóńṣó, tí ẹ sì fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 ẹ̀ka lókè orí áńtẹ́nà kí orí igi má bàa pá, ó túmọ̀ sí pé orí áńtẹ́nà yín kò lè kọjá 70. Ẹnjiníà rédíò gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kó tó ya máàpù rẹ̀. Bí ẹ bá fi 75 ya máàpù, tí ẹ wá padà sí 70, gbogbo àlàyé yín nípa ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé ti yẹ̀, agbẹjọ́rò àdúgbò sì máa rí i.

Bí àlàfo láti ààlà kò bá tó, ẹ máa nílò variance, ìyẹn ìyọ̀ǹda láti yà kúrò nínú òfin ìlò ilẹ̀, ẹjọ́ mìíràn lórí ẹjọ́ sì nìyẹn. Ó sàn kí ẹ sún òpó náà sí igun mìíràn lórí ilẹ̀ kan náà. Àwọn ìlú kan máa ń dín àlàfo kù bí ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ bá buwọ́ lu lẹ́tà pé bí òpó náà bá máa ṣẹ́, àárín ni yóò ti ká, kò ní na gbogbo gígùn rẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹlòmíì.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè fún ìpàdé ṣáájú ìwé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìṣètò ìlú. Ẹ mú àwòrán kan ṣoṣo, máàpù kan ṣoṣo àti irú aṣọ méjì dání. Ẹ bi í léèrè èyí tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí rí ní ìlú náà, kí ẹ sì lọ fi ojú ara yín wo òpó yẹn. Kò sí ìwé òfin tó máa kọ́ yín tó ìyẹn.

Mímú aṣọ tó bá ilẹ̀ mu

Ibí ni owó àti àkókò ti ń ṣòfò jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀.

Igi páìnì ló rọrùn jù fún áńtẹ́nà púpọ̀, torí ẹ̀ka rẹ̀ nípọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, iléeṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sì lè pín in lò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìlú púpọ̀ ń kọ ẹ̀ka mẹ́ta fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé àṣẹ. Ẹ ṣírò rẹ̀: òpó tí ẹ̀ka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà 15 tó sì dé 75 ní ẹsẹ̀ bàtà 60 tí ẹ̀ka máa bò, ìyẹn jẹ́ ẹ̀ka 180. Bí iye owó tí ẹni tó ń ṣe igi náà fi ránṣẹ́ bá dúró lórí 120, ẹ̀ka méjì péré fún ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ rà, irin máa hàn láàárín ewé bí egungun ìhà. Ẹ jẹ́ kí iye ẹ̀ka wà lórí àwòrán, nínú àdéhùn ọjà, àti nínú ìwé ìbéèrè, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bá ara wọn mu.

Gígùn ẹ̀ka náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Igi gidi fẹ̀ nísàlẹ̀, ó tín-ínrín lókè, ẹ̀ka rẹ̀ kì í sì í dọ́gba. Òpó tí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ gùn bákan náà máa ń jọ búrọ́ọ̀ṣì ìfọgò, òun sì ni àwòrán tí àwọn tó bá lòdì sí i máa ń gbé wá sí ìpàdé. Bí iwájú áńtẹ́nà bá jìnnà sí òpó ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ẹ̀ka tó yí i ká gbọ́dọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, kí ewé lè yọ ju áńtẹ́nà lọ. Lórí áńtẹ́nà fúnra rẹ̀, wọ́n máa ń wọ àpò tí wọ́n lẹ ewé páìnì sí fún un, bí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ rí i dájú pé àpò náà, àti ọ̀dà tí ẹ bá fi kun áńtẹ́nà, kò ní ẹ̀rún irin kankan nínú, nítorí irin máa ń dá ìgbì rédíò padà. Ọ̀dà tí kò dán ni kí ẹ lò. Ohun tó bá ń dán máa ń tàn yanran nígbà tí oòrùn àárọ̀ bá kàn án, ojú á sì lọ síbẹ̀ tààrà.

Ẹ̀ka 180 máa ń gba atẹ́gùn bí aṣọ tó wà lórí okùn. Ìṣírò ẹnjiníà, tí wọ́n ń ṣe ní ìlànà TIA-222 tó wà fún agbára òpó, gbọ́dọ̀ ka ẹ̀ka náà mọ́ ọn, àti yìnyín níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ní alẹ́ ìpàdé, ìgbìmọ̀ ní kí ẹ fi ẹ̀ka kún un, aṣojú iléeṣẹ́ ní kò burú, lọ́jọ́ kejì ẹnjiníà rí i pé ìpìlẹ̀ tó ti yà kò lè gbé e mọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣírò ẹ̀ka tó pọ̀ díẹ̀ ju èyí tí ẹ béèrè lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè ní ohun tí ẹ máa fún wọn.

Igi ọ̀pẹ dára ní California, Florida àti Arizona, níbi tí ọ̀pẹ ti ń hù. Àléébù rẹ̀ ni pé imọ̀ ọ̀pẹ kò tó láti bo áńtẹ́nà púpọ̀, àyè iléeṣẹ́ kan péré ló sábà máa ń ní. Kátọ́ọ̀sì saguaro kúrú, aṣálẹ̀ Arizona nìkan ló yẹ.

Òpó àsíá mọ́ lójú, ìgbìmọ̀ sì máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún un. Inú ihò kan ni gbogbo áńtẹ́nà wà, mẹ́ta péré ló sì sábà máa ń wọ ipele kan. Áńtẹ́nà 5G tó ní rédíò nínú tóbi, ó sì máa ń gbóná. Ọ̀pọ̀ ihò kò gbà á. Ohun tó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, iléeṣẹ́ á padà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ihò náà fẹ̀ sí i. Àsíá pẹ̀lú ní tirẹ̀: òfin àsíá Amẹ́ríkà fẹ́ kí iná tàn sí i bó bá wà lókè lóru, iná yẹn sì lè tako òfin ìlú lórí ìmọ́lẹ̀. Ẹ yanjú ìyẹn kí ẹ tó kọ àsíá sínú ìwé.

Nínú ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń yọ bíríkì tàbí pákó kúrò níwájú áńtẹ́nà, wọ́n á fi fáíbà tí ìgbì rédíò lè gba inú rẹ̀ kọjá rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì kùn ún kó jọ ti tẹ́lẹ̀. Fáíbà àti bíríkì kì í ṣá bákan náà nínú oòrùn. Ẹ béèrè fún ojú kan gbáko ní fáíbà, láti igun dé igun. Àlẹ̀mọ́ kékeré àárín ògiri ló máa ń hàn jù.

Irú aṣọ yòówù kó jẹ́, igi kan kò lè dágbó ṣe. Páìnì kan tó dá dúró láàárín ibi ìgbọ́kọ̀sí máa ń pe ara rẹ̀ lórúkọ. Ẹ gbin igi gidi méjì sí mẹ́ta tó jọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ya ẹ̀rọ omi tó máa bomi rin wọ́n sórí àwòrán, nítorí igi tó bá kú di ẹ̀ṣẹ̀ sí ìwé àṣẹ.

Ìdìpọ̀ ìwé

Ìwé tó pé ló ń jẹ́ kí ọjọ́ máa lọ. Ẹ kó wọ̀nyí jọ: fọ́ọ̀mù ìlú àti owó rẹ̀, lẹ́tà onílẹ̀ tó fún yín láṣẹ láti bèèrè, ìwé sọ́fè, àwòrán ilẹ̀ tó fi òpó, ọgbà, àpótí ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀, ọ̀nà ọkọ̀ àti ibi tí iná ti ń wọlé hàn, àwòrán òpó láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, pẹ̀lú gíga áńtẹ́nà àti ti ṣóńṣó ẹ̀ka lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwòrán igbó àti òdòdó tí ẹ máa gbìn, ìròyìn ariwo jẹnẹrétọ̀ ní ààlà ilẹ̀, àti orúkọ àwọn onílé tó wà láàárín ìwọ̀n tí ìlú sọ, kí ìlú lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn.

Máàpù rédíò gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta, ní àwọ̀ kan náà àti ìwọ̀n kan náà: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe wà báyìí, ohun tí òpó tuntun nìkan máa fún wọn, àti méjèèjì pa pọ̀. Ẹ má yí àwọ̀ pa dà láàárín wọn. Ẹni tó bá rí àwọ̀ ewé ní máàpù kìíní, tó sì rí búlúù níbi kan náà ní máàpù kejì, máa rò pé ẹ ń fi nǹkan pa mọ́.

Ìwádìí àwọn ilẹ̀ mìíràn ló máa ń fọ́ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ nílé ẹjọ́. Ẹ má kọ pé ilẹ̀ kan "kò wúlò". Ẹ kọ pé òkè ilé náà ga ní ẹsẹ̀ bàtà 28, máàpù rẹ̀ rè é. Onílẹ̀ yìí kọ̀, lẹ́tà rẹ̀ rè é. Ibí kò ní ọ̀nà ọkọ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ àpapọ̀ kan máa ń béèrè bóyá àlàfo ńlá wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti bóyá ọ̀nà tó ń pa àyíká lára jù ni ẹ gbà tàbí èyí tó fúyẹ́ jù. FCC ní tirẹ̀ sọ ní ọdún 2018 pé ohun tó ṣe pàtàkì ni bóyá ìkọ̀sílẹ̀ náà ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́ ní tòótọ́. Ẹ dáhùn ìbéèrè méjèèjì nínú àlàyé yín. Aṣọ òpó bọ́ síbí pẹ̀lú: ẹ fi irú kejì tí ẹ yẹ̀ wò hàn, kí ẹ sọ ìdí tí èyí tí ẹ mú fi fúyẹ́ jù ú lọ.

Ẹ so ìròyìn ìtànṣán mọ́ ọn, èyí tí ẹnjiníà buwọ́ lù, tó bá OET Bulletin 65 mu, ìyẹn ìwé ìlànà FCC lórí ṣíṣe ìṣírò ìtànṣán. Ìlú kò lè fi ìbẹ̀rù ìtànṣán kọ òpó tó tẹ̀ lé ìlànà, ṣùgbọ́n ó lè ní kí ẹ fi hàn pé ẹ tẹ̀ lé e.

Bàlúùnù àti àwòrán àfihàn

Àwòrán àfihàn ni fọ́tò àdúgbò gan-an tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà gbin òpó sínú rẹ̀. Kó tó ṣe é gbà gbọ́, ohun kan gbọ́dọ̀ ti dúró ní gíga òpó náà nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò. Bàlúùnù pupa tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tí gáàsì hílíọ́mù wà nínú rẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń lò.

Ẹ wọn okùn náà nílẹ̀, kí ẹ fi téèpù aláwọ̀ sàmì sí i ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ gbé e sókè ní ìdájí, kí atẹ́gùn tó jí. Atẹ́gùn ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí: okùn ẹsẹ̀ bàtà 80 tó bá dagun ní dígírì 30 ti gbé bàlúùnù wá sí ẹsẹ̀ bàtà 69 péré. Fọ́tò tí ẹ bá yà lásìkò yẹn ti fi ẹsẹ̀ bàtà 11 pamọ́, bí aládùúgbò kan bá sì fi fóònù ya okùn tó dagun náà, ìwé yín ti dọ̀tí. Bí atẹ́gùn kò bá dáwọ́ dúró, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn tàbí kí ẹ yá kéréènì. Ẹ ti kọ ọjọ́ àfirọ́pò sínú lẹ́tà ìfilọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi lẹ́ńsì tó súnmọ́ 50 mm lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tó fíìmù 35 mm ya fọ́tò. Lẹ́ńsì fífẹ̀ ti fóònù máa ń jẹ́ kí òpó kéré. Fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí, aago, lẹ́ńsì, àti bó ṣe jìnnà sí òpó. Ẹ ya láti iwájú ilé tó sún mọ́ ọn jù, láti ilé ẹ̀kọ́, láti òpópónà ńlá, kódà láti ibi tí òpó kò ti hàn. Bí àdúgbò bá ní igi tí ewé rẹ̀ ń wọ́ nígbà òtútù, ẹ wá ọ̀nà láti ní fọ́tò ìgbà òtútù.

Ìwé àwòrán tí ẹni tó ń ṣe igi fi ránṣẹ́ ni kí ẹni tó ń ṣe àfihàn fi ṣiṣẹ́. Bó bá fi páìnì tó nípọn láti inú àpótí àwòrán rẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ ti ta ohun tí ẹ kò ní. Ọgbà ìsàlẹ̀, mítà iná àti àpótí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ hàn pẹ̀lú. Àwọn ni ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá máa rí lójoojúmọ́.

Ìwé ti ìjọba àpapọ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ti ìlú, nítorí wọ́n lọ́ra. Òpó tó bá ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ, tàbí tó sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú, gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, lórí Fọ́ọ̀mù 7460-1, ó kéré tán ọjọ́ 45 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Irú òpó bẹ́ẹ̀ tún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FCC. Aṣọ igi kò sì bá iná pupa orí òpó gíga lọ, nítorí náà àwọn òpó yìí sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 200. Fún òpó tuntun, Fọ́ọ̀mù 620 ti FCC máa lọ sọ́dọ̀ ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ ní ìpínlẹ̀, tó ní ọjọ́ 30 láti fèsì, ìfilọ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà nípasẹ̀ TCNS, ètò tí FCC fi ń fi irú iṣẹ́ yìí tó wọn létí. Ilé agogo àtijọ́ ni kí ẹ fura sí jù níbí.

Kíka ọjọ́

FCC ti fi gbèdéke sí ìdáhùn ìlú, tí wọ́n ń pè ní shot clock. Òpó tuntun ní ọjọ́ 150. Fífi áńtẹ́nà kún ohun tó ti dúró tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ 90. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní small wireless ní ọjọ́ 60 lórí ohun tó ti wà, àti 90 lórí òpó tuntun.

Fún òpó tuntun bí èyí, láàárín ọjọ́ 30 tí ẹ fi ìwé sílẹ̀, ìlú lè kọ̀wé pé ó kù díẹ̀, kó sì dárúkọ ohun tó kù. Kíkà á dúró ní ọjọ́ yẹn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní ọjọ́ 20, ọjọ́ 130 ló kù nígbà tí ẹ bá dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ọjọ́ 10 láti sọ bóyá ohun tí wọ́n béèrè kò tíì pé. Ẹ fi ìwé sílẹ̀ lọ́nà tó ní òǹtẹ̀ ọjọ́, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí sínú ìwé kan ṣoṣo.

Bí ọjọ́ bá pé tí ìlú kò dáhùn, kò túmọ̀ sí pé òpó tuntun ti gba àṣẹ. Ó túmọ̀ sí pé ẹ lè gba ilé ẹjọ́ lọ láàárín ọjọ́ 30. Ọjọ́ 30 kan náà lẹ ní bí ìlú bá kọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan le jù bẹ́ẹ̀ lọ: California ní òfin láti ọdún 2015 tó lè sọ ìdákẹ́ ìlú di àṣẹ bí ẹ bá tẹ̀ lé ìlànà ìfilọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ dáadáa tí ìlú sì nílò ìpàdé kan sí i, ẹ buwọ́ lu àdéhùn ìsúnsíwájú tó ní ọjọ́ pàtó. Adájọ́ kì í ka àdéhùn ẹnu sí.

Alẹ́ ìpàdé

Ẹ mú ẹ̀ka kan dání. Ẹ̀ka gidi láti ọ̀dọ̀ ẹni tó máa ṣe igi náà, pẹ̀lú àpò áńtẹ́nà kan, kí ẹ gbé e lé tábìlì níwájú ìgbìmọ̀. Àwòrán mẹ́wàá kò tó ohun tí ọwọ́ lè fi kàn.

Tí àwọn ará àdúgbò bá ń sọ̀rọ̀ ìlera, ẹ má bá wọn jiyàn sáyẹ́ǹsì, ẹ má sì fi òfin fọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ tọ́ka sí ìròyìn ẹnjiníà, ẹ sọ ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹ lọ sórí ohun tí ìgbìmọ̀ lè dájọ́ lé: ojú ìwòye, ariwo, àlàfo, igi gidi. Ilé wọn ni wọ́n ń dáàbò bò. Ẹni tó bá ní kí ẹ sún òpó sí ẹ̀yìn ilé ìtajà, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú máàpù ibẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ìlànà tó máa bá àṣẹ wá ṣe pàtàkì ju ìdìbò lọ. Ẹ béèrè fún ìwé ìlànà náà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlú kí alẹ́ náà tó dé, kí ẹ kà á pẹ̀lú ẹnjiníà. "Òpó gbọ́dọ̀ jọ igi ní gbogbo ìgbà" kò ṣe é wọ̀n, ìjà ló máa bí. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ iye ẹ̀ka fún ẹsẹ̀ bàtà, gíga tí ẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀ka ṣe gbọ́dọ̀ yọ ju áńtẹ́nà lọ, àwọ̀, iye ọjọ́ tí ẹ fi gbọ́dọ̀ dá ẹ̀ka tó já padà, àti ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ yọ òpó bí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó mọ́.

Ìdí mìíràn wà tí kíkọ ọ́ kedere fi ṣe àdúgbò àti iléeṣẹ́ láǹfààní. Abala 6409 nínú òfin Spectrum Act ti ọdún 2012 sọ pé ìlú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àfikún tí kò bá yí òpó padà gidigidi, láàárín ọjọ́ 60. Lórí òpó tó wà lórí ilẹ̀ àdáni, gíga lè fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún, tàbí gíga ipele áńtẹ́nà kan tí kò jìnnà sí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àfikún tó bá tú aṣọ òpó náà kò sí lábẹ́ ìdáàbòbò yẹn. Ní ọdún 2020, FCC là á yé wa pé aṣọ tó ń kà ni ohun tí wọ́n fi mú kí òpó jọ nǹkan mìíràn, tó sì wà nínú àṣẹ àkọ́kọ́. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé ṣòro láti gbèjà.

Lẹ́yìn àṣẹ

Pẹ́míìtì ìkọ́lé tún kù: ìròyìn ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbẹ́ ihò ìdánwò, ìṣírò òpó àti ìpìlẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ ẹnjiníà, àyẹ̀wò kọnkéré. Ẹ tẹ ìwé ìlànà ìlú sójú ewé kejì àwòrán ìkọ́lé, kí àwọn tó ń so ẹ̀ka mọ́ òpó lè rí i láìbéèrè.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò ìkẹyìn, òṣìṣẹ́ ìlú máa mú àwòrán àfihàn dání, á lọ dúró níbi tí wọ́n ti ya á, á sì fi wé ohun tó wà lókè. Ẹ ti ṣe èyí fúnra yín lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, nígbà tí kéréènì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ka ẹ̀ka ipele mẹ́wàá. Ẹ wo bóyá wáyà kankan gbé orí jáde. Ẹ wo abẹ́ òpó láti ìsàlẹ̀, níbi tí irin ti máa ń hàn jù.

Kí iléeṣẹ́ tó ṣe igi tó pa iṣẹ́ náà tì, ẹ ra ẹ̀ka bíi mẹ́wàá sí i nínú ìdì kan náà, kí ẹ sì tọ́jú wọn sínú àpótí ní ibi tí oòrùn kò dé. Ìjì máa já díẹ̀ nínú àwọn tó wà lókè, oòrùn á sì sọ àwọ̀ wọn di ràndánràndán; ẹ̀ka tí ẹ bá rà lẹ́yìn ọdún márùn-ún láti ìdì mìíràn máa yàtọ̀ gédégbé láàárín àwọn tó kù.